Ta Ló Ni Igi? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìtọ́jú Igbó àti Ilẹ̀ Oko

Lọ́wọ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, ilẹ̀ kan náà ni igbó àti oko, ìgbà ló yàtọ̀. Àgbẹ̀ á ṣán igbó, á dáná sun ún, á kọ ebè, á gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sí i fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣá, á fi í sílẹ̀, á kọjá sí ibòmíràn, igbó á sì padà hù níbi tó ti kúrò. Iṣẹ́ ńlá ni igbó tó hù yẹn ń ṣe. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fa oúnjẹ ilẹ̀ tó ti rì jìnnà padà sókè, ewé tó ń wọ́ ń jẹrà di ọ̀rá, òjìji rẹ̀ sì ń pa èkan àti àwọn koríko mìíràn tó ń yọ oko lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ pọ̀ tí ènìyàn sì kéré, ilẹ̀ lè sinmi fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún kí ọkọ́ tó tún kàn án.

Ètò yìí ti já ní ọ̀pọ̀ ibi. Ènìyàn pọ̀ sí i, ìlú fẹ̀. Kòkó, rọ́bà àti ọ̀pẹ gba ilẹ̀ tí wọn kò ní í fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba fa ìlà yí igbó ká, ọ̀nà mọ́tò sì gbé ẹ̀rọ ìlagi dé ibi tí ẹsẹ̀ nìkan ń dé tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ tó ń sinmi fún ọdún mẹ́wàá wá di èyí tó ń sinmi fún ọdún méjì, tàbí tí kò sinmi rárá. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, igbó tó tó mílíọ̀nù 10 hẹ́kítà ni wọ́n ń pa lọ́dọọdún ní àgbáyé láàárín 2015 sí 2020, hẹ́kítà kan sì ju éékà méjì lọ. Oko dídá àti pápá ìjẹko ẹran ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Irú ìṣirò báyìí ló mú kí ọ̀pọ̀ ìjọba gbà pé àgbẹ̀ ni ọ̀tá igbó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò gbe èrò yẹn lẹ́sẹ̀. Ó fi hàn pé ẹni tó ń gé igi náà ni ẹni tó lè dá a padà, àti pé ìbéèrè kan ló ń pinnu èyí tí yóò ṣe nínú méjèèjì: bí igi yìí bá dàgbà, ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ fi òfin ilẹ̀ òkèèrè ya igbó sọ́tọ̀. Olókèmejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wà lára àwọn àkọ́kọ́, ní àyíká 1899. Ṣáṣá, Ọmọ, Olúwà, Ìdànrè, Gàm̀bàrí àti àwọn mìíràn tẹ̀lé e, gbogbo wọn sì di ohun tí ará oko ń pè ní igbó ọba tàbí rísáàfù. Igbó Ọmọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1925, gbòòrò tó nǹkan bí 130,000 hẹ́kítà. Èrò tó wà lẹ́yìn ètò náà kò burú: kí gẹdú má tán, kí ojú odò má gbẹ. Òótọ́ sì ni pé bí kò bá sí àwọn ìlà yẹn, díẹ̀ ni ì bá kù nínú ẹgàn gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Erin ṣì wà nínú Igbó Ọmọ títí di òní, níbi tí mọ́tò ń fi wákàtí díẹ̀ dé láti Èkó.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ ọmọ onílẹ̀ di arúfin lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Igi inú rísáàfù di ti ìjọba. Agégẹdú tó bá gba ìwé àṣẹ ló lè gé e, àpò ìjọba sì ni owó rẹ̀ ń lọ. Àgbẹ̀ tó ń gbé abúlé ẹ̀gbẹ́ igbó kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀ àfi ohun tó bá yọ́ mú. Ẹni tí kò ní ìpín nínú nǹkan kì í ṣọ́ ọ lóru, ẹ̀ṣọ́ igbó mélòó sì ni yóò ká ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà?

Nígbà tí igi ńláńlá ń tán lọ, ìjọba fẹ́ gbin òmíràn, owó tí wọn yóò san fún àwọn tí yóò máa ro ó kò sì sí. Ètò tí wọ́n mú wá ni wọ́n ń pè ní taungya. Dietrich Brandis, ará Jámánì tó ń bójú tó igbó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Burma, ló dá a sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1850, òun pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ Karen, láti fi gbin tíìkì. Sapoba, nítòsí Ìlú Benin, ló kọ́kọ́ dé ní Nàìjíríà, ní ìparí àwọn ọdún 1920, kí ó tó tàn dé àwọn rísáàfù ilẹ̀ Yorùbá.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Òṣìṣẹ́ ìjọba á wọn igbó tí wọ́n ti gé gẹdú inú rẹ̀ tán, á pín in fún àwọn àgbẹ̀ ní éékà kan tàbí méjì. Àgbẹ̀ á ṣán tirẹ̀, á sun ún, á kọ ebè, á gbin iṣu, àgbàdo, kókò àti ata. Àwọn òṣìṣẹ́ á ta okùn la oko náà já, wọ́n á ri èèkàn mọ́lẹ̀ ní bí ẹsẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá síra wọn, ìdí èèkàn kọ̀ọ̀kan sì ni ọmọ igi melínà tàbí tíìkì kan á wà. Ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá ro iṣu rẹ̀, ó ti ro igi ìjọba mọ́ ọn. Ní ọdún kìíní, àgbàdo ga ju igi lọ. Ní ọdún kejì, igi ti ń ṣíji bo iṣu. Bí ó bá di ọdún kẹta, orí àwọn igi á ti pàdé lókè, oòrùn kò ní í kan ilẹ̀ dáadáa mọ́, òṣìṣẹ́ á sì ní kí àgbẹ̀ máa lọ.

Fún ìjọba, èrè ni. Igbó hù láìsan owó oko ríro. Ní Ọmọ àti Olúwà, wọ́n gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà melínà, pàápàá láti fi bọ́ ilé iṣẹ́ ìwé tí wọ́n ń kọ́ sí Ìwópin. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ dé ibi tí wọ́n fojú sùn, ọ̀pọ̀ melínà náà sì parí sí sọ́ọ̀mìlì. Ojú mìíràn ni àgbẹ̀ fi wo ọ̀rọ̀ náà. Igi tó ń ro ni igi tí yóò lé e kúrò. Bí igi bá yá dàgbà, oko yá tán. Bí igi bá kú, ó rí ọdún kan sí i jẹ. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé àdá a máa ṣèèṣì bá ọmọ igi, tàbí pé ẹ̀yìn oko tí òṣìṣẹ́ kì í dé a máa ní ẹsẹ̀ kòkó nínú. Ìwà ọ̀daràn ni àwọn ìwé ìjọba pe èyí. Ìṣirò ẹni tó ní ọmọ láti bọ́ ni, ẹnikẹ́ni tó bá wà nípò àgbẹ̀ náà ni yóò sì ṣe irú rẹ̀.

Ghana dán taungya wò bákan náà, ó sì forí ṣánpọ́n bákan náà, tó fi jẹ́ pé wọ́n dá a dúró ní àárín àwọn ọdún 1980. Ní 2002, wọ́n gbé e padà wá pẹ̀lú àyípadà kan ṣoṣo tó tóbi: wọ́n fún àgbẹ̀ ní ìpín nínú igi. Nínú owó gẹdú tí wọ́n bá gé, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àgbẹ̀, ìdá 40 jẹ́ ti àjọ ìjọba tó ń mójú tó igbó, ìdá 15 jẹ́ ti àwọn onílẹ̀ lábẹ́ ìtẹ́ ìbílẹ̀, ìdá 5 jẹ́ ti àwùjọ abúlé. Ilẹ̀ kan náà, igi kan náà, ọkọ́ kan náà. Àmọ́ ìdí wà nísinsìnyí fún àgbẹ̀ láti fa koríko kúrò nídìí ọmọ igi. Ètò náà kò wà láìlábùkù. Ìwé àdéhùn pẹ́ kí ó tó tẹ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ́wọ́, ìyà sì ń jẹ wọ́n láàárín ìgbà tí igi bá ti ṣíji bo oko àti ìgbà tí gẹdú yóò gbó, èyí tó lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpín tí ènìyàn yóò gbà lọ́jọ́ alẹ́ kò lè bọ́ ilé lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ mú irú ètò yìí lò ní láti wá ohun tí àgbẹ̀ yóò máa jẹ láàárín méjèèjì, ìbáà ṣe oyin, ìgbín, tàbí ewé mọ́ínmọ́ín tó ń hù lábẹ́ òjìji.

Orílẹ̀-èdè Niger, tó wà ní òkè Nàìjíríà, ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn sójútáyé jù lọ. Òfin igbó tí àwọn Faransé ṣe ní 1935 fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ igi di ti ìjọba, títí kan èyí tó hù láàárín oko. Àgbẹ̀ tó bá gé igi inú oko ara rẹ̀ láìgbàwé lè san owó ìtanràn. Nítorí náà, bí igi bá ti ń yọrí, ọkọ́ ló ń pàdé rẹ̀, kó má baà di ohun tí ẹ̀ṣọ́ igbó yóò bá níbẹ̀. Agbègbè Maradi àti Zinder, níbi tí àwọn Haúsá ti ń gbin jéró àti ọkà bàbà, di ilẹ̀ gbalasa. Ọ̀dá ńlá ọdún 1968 sí 1973 sì bá a bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn á gbé iyanrìn bo èhù jéró mọ́lẹ̀, àgbẹ̀ á tún un gbìn, á tún un gbìn lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn ọ̀dá náà, ìjọba àti àwọn aláàánú láti òkè òkun gbin igi lọ́pọ̀ yanturu. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kú. Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà tó ń bá ìjọ ajíhìnrere kan ṣiṣẹ́ ní Maradi, wà lára àwọn tí igi ń kú mọ́ lọ́wọ́. Ní 1983 ló tó kíyè sí i pé àwọn igi wẹ́wẹ́ tó dà bí igbó lásán nínú oko, èhù kùkùté igi ni wọ́n. Gbòǹgbò wọn wà láàyè nísàlẹ̀. Wọ́n ń hù lọ́dọọdún, àgbẹ̀ sì ń gé wọn lọ́dọọdún. Gbogbo igi tí wọ́n ń fi owó ribiribi wá láti ibi ìgbin-ọmọ-igi ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn láti ọjọ́ yìí.

Ohun èlò iṣẹ́ náà kò ju àdá tó mú lọ. Kùkùté kan lè yọ ọ̀mùnú mẹ́wàá tàbí ogún. Àgbẹ̀ á yan mẹ́ta sí márùn-ún tó gùn, tó sì dúró ṣánṣán, á gé àwọn yòókù, á sì rẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ àwọn tó yàn. Èyí tó gé di igi ìdáná. Ewé rẹ̀ á bo ilẹ̀, á jẹrà sí i. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, á tún padà wá rẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ti sanra tó, á máa gé ọ̀kan tà fún òpó ilé tàbí igi ìdáná, á jẹ́ kí ọ̀mùnú mìíràn rọ́pò rẹ̀. Wọn kì í bomi rin ín, nítorí gbòǹgbò ti mọ ọ̀nà omi tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀kan nínú igi tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni èyí tí Haúsá ń pè ní gawo. Ó ń wọ́wé nígbà òjò, ó ń rúwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà kì í ṣíji bo jéró. Ẹran ń jẹ èso rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fún ilẹ̀ ní ajílẹ̀. Ìtàn ìbílẹ̀ sọ pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ikú ni ìjìyà tí ọba Zinder là sílẹ̀ fún ẹni tó bá gé gawo láìgbàṣẹ. Ìyẹn fi hàn pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti mọ iyì igi yìí kí ẹnikẹ́ni tó ti òkèèrè wá sọ fún wọn. Òfin 1935 ló ya àgbẹ̀ kúrò lára ohun tó ti mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ àdá nìkan kọ́ ló yí Maradi padà. Rinaudo àti àwọn àgbẹ̀ ní láti bẹ àwọn aláṣẹ igbó àgbègbè náà kí wọ́n dẹ́kun gbígba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tọ́jú igi, tó sì ń gé nínú èyí tó tọ́jú. Àṣẹ ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Òfin pẹ́ kí ó tó tẹ̀lé e. Láti ìgbà tí àgbẹ̀ ti gbà pé igi oko òun jẹ́ ti òun, ọ̀nà náà rìn láti abúlé dé abúlé, ọ̀pọ̀ ibi tó sì dé, kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó gbé e lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí Chris Reij àti Gray Tappan fi àwòrán láti ojú ọ̀run wé ti àtijọ́, nǹkan bí mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ni wọ́n rí tí igi ti padà sí, igi tí wọ́n fojú bù sì tó mílíọ̀nù 200. Kò sí ètò igbó gbígbìn kankan ní Áfíríkà tó fi owó díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe tó ìyẹn. Àwọn obìnrin tó ń fi ìdajì ọjọ́ wá igi ìdáná wá ń rí i ṣẹ́ nínú oko, ewé sì wà fún ewúrẹ́ nígbà tí koríko bá tán.

Ní Burkina Faso, nítòsí ìlú Ouahigouya, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Yacouba Sawadogo gba ọ̀nà mìíràn. Ihò kéékèèké tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Yatenga níbẹ̀ ń pè ní zaï ló mú, ó gbẹ́ wọn fẹ̀, ó sì gbẹ́ wọn jìn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mú ọkọ́. Ó da ajílẹ̀ sínú wọn. Ikán wọ ibẹ̀, wọ́n lu ilẹ̀ líle náà, òjò àkọ́rọ̀ sì rí ibi rì sí. Wọ́n pè é ní wèrè, àwọn kan tilẹ̀ dáná sun igi rẹ̀, kò sì jáwọ́ títí ilẹ̀ gbígbẹ yẹn fi di igbó. Ó gba Ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018, ọdún kan náà tí Rinaudo gbà á, ó sì kú ní 2023. Ibi tó dunni níbẹ̀ ni pé nígbà tí Ouahigouya fẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ igbó náà, wọ́n pín apá kan rẹ̀ ní pulọ́ọ̀tì ilé. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igbó náà. Ìwé ilẹ̀ ni kò ní.

Ọ̀nà ti Nepal ni ti àwùjọ. Òfin 1957 gba igbó gbogbo fún ìjọba, àwọn ará abúlé sì gé e bí ohun tí kì í ṣe tiwọn mọ́. Òfin 1993 dá a padà fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń lò ó: ẹgbẹ́ ni yóò yan ọjọ́ tí wọ́n ń ṣẹ́ igi, iye tí ilé kọ̀ọ̀kan lè kó, owó ìtanràn àti ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lé ní 22,000 báyìí. Ìwádìí tó lo àwòrán ojú ọ̀run fi hàn pé ilẹ̀ tí igbó bò ní Nepal lọ láti ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1992 sí ìdá 45 ní 2016. Ọ̀dọ́ tó ń lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, tí oko fi di ahoro, ní ìpín nínú ìdàgbàsókè yìí, kò sì yẹ kí wọ́n gbé gbogbo ọlá náà fún òfin. Síbẹ̀, ibi tí ẹgbẹ́ ti lágbára ni igbó ti gbèrú jù. Elinor Ostrom, tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2009, ti ṣàlàyé ohun tó fà á: àwọn tó ń lo nǹkan papọ̀ lè ṣe òfin tó mú ara wọn, bí òfin náà bá jẹ́ tiwọn, tí wọ́n sì mọ ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ àti ẹni tí kò sí.

Lórí ilẹ̀ oko gan-an, ìbéèrè ẹni tó ni igi kò jìnnà. Láti àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìbàdàn, gbin ìlà igi bíi Leucaena àti Gliricidia sáàárín ìlà àgbàdo, kí wọ́n máa gé ewé wọn bo ilẹ̀. Lórí oko ìwádìí, ó gbéṣẹ́: ilẹ̀ kò ṣá bọ̀rọ̀. Lóko àwọn àgbẹ̀, díẹ̀ ló gbà á. Igi rírẹ́ a máa bọ́ sí ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù, ìyẹn jẹ́ ọ̀kan. Èkejì ni pé ní ilẹ̀ Yorùbá, bí àlejò bá gbin igi tó ń pẹ́ sórí ilẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí, àwọn onílẹ̀ á ní ó fẹ́ gba ilẹ̀ ni. Obìnrin tó ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ mọ ààlà yìí dáadáa. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n lábúlé, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹbí onílẹ̀ ṣì ni àgbẹ̀ ń tẹ̀lé.

Fún irú àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí, ohun tí kì í ṣe igi ló wúlò jù. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, ní agbègbè Mono, láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin irú wèrèpè kan tí kì í yún ni lára. Ó ń ràn bo ilẹ̀ nípọn, ó ń pa èkan, ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ó sì ń kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láàárín ọdún kan, ẹni tó yá ilẹ̀ ti jẹ èrè rẹ̀, kò sì sí onílẹ̀ tó lè bínú sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ìrókò inú oko kòkó kò tíì yanjú. Ní Ghana, òfin fi igi gẹdú oko sábẹ́ ìjọba, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń pa á ní kékeré: ìwé àṣẹ ló máa mú agégẹdú wọ oko lọ́jọ́ kan, igi á wó lu kòkó, owó gbà-má-bínú a sì máa kéré. Ní Nàìjíríà náà, ìwé ìjọba ni wọ́n fi ń gé irú igi bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kòkó nílò òjìji ìwọ̀nba, ó sì ń pẹ́ láyé lábẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ti mú kí ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú. Ní 2023, Ìparapọ̀ Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó, kọfí, rọ́bà, epo pupa, gẹdú àti àwọn mìíràn tí yóò wọ ọjà wọn kò gbọ́dọ̀ ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 wá, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ bá òfin ìlú tí wọ́n ti hù mu. Wọ́n ti sún ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ òfin náà wà níbẹ̀. Kòkó tó wà nínú rísáàfù Olúwà tàbí Ìdànrè, bó tilẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá ẹni, kò bá òfin ìpínlẹ̀ mu. Bí ìjọba bá lé àwọn àgbẹ̀ náà jáde, ẹgàn mìíràn ni wọn yóò lọ ṣán. Bí wọ́n bá bá wọn ṣe àdéhùn bíi ti Ghana, àgbẹ̀ lè dúró ti kòkó rẹ̀, kí ó gbin arère, àfàrà àti ọ̀gànwó sáàárín rẹ̀, kí ó sì ṣọ́ igbó tó kù lẹ́yìn oko rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní láti sọ iye ọdún tí àgbẹ̀ ní lórí ilẹ̀, ìpín rẹ̀ nínú gẹdú, ẹni tí yóò jogún ìpín náà bí ó bá kú, àti ẹ̀tọ́ obìnrin tó bá a ro oko. Ó sì yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní èdè Yorùbá, kí igi àkọ́kọ́ tó wọ ilẹ̀.